Ewé Mẹ́rin Lórí Oríkèé Kan

"Má gbé e kaná!" Sàfúrátù já ìkòkò náà gbà lọ́wọ́ Abíọ́nà, ìyàwó kékeré. "Ta ló sọ fún ọ pé egbò asofẹ́yẹjẹ nìyí? Igi olóró kan wà tó jọ ọ́. Ṣé o fẹ́ pa ìyá ọkọ wa ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyáálé mi, mo mọ̀ ọ́n. Ó pọ̀ lóko bàbá mi ní Ìkirè."

"Kí ni o ò mọ̀?"

Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, ni Gàfárù ọkọ wọn fi fẹ́ Abíọ́nà. Láti ìgbà tó ti wọ ilé tí wọ́n háyà ní Òṣòdì, ọbẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ ń yìn, òun ni àwọn ará ilé ń bá ṣàwàdà. Ìyá ọkọ nìkan ló ṣẹ́ kù fún Sàfúrátù. Màmá kì í sì í rí oorun sùn mọ́. Bí àgbo Abíọ́nà bá mú un sùn, òun náà di ti Abíọ́nà nìyẹn.

Màmá, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, sọ̀rọ̀ láti orí ẹní. "Egbò kì í sọ orúkọ ara rẹ̀. Ìyá Mùnírù," ó pe Sàfúrátù, "bá a lọ, kí o gé ẹ̀ka rẹ̀ wá. Ewé mẹ́rin ní í yí oríkèé asofẹ́yẹjẹ ká. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ da egbò náà nù. Ọwọ́ mi yóò kà á."

Wọ́n lọ sínú igbó tó kù lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Abíọ́nà nawọ́ sí igi náà. Kò ga ju àjà lọ. Èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ ti pọ́n, ẹyẹ ti ṣa púpọ̀ jẹ níbẹ̀. Sàfúrátù wo ewé rẹ̀ gígùn tó ń dán: mẹ́rin. Ó wo oríkèé mìíràn: mẹ́rin. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ó gé ṣóńṣó ẹ̀ka kan, olóríkèé kan ṣoṣo. Abíọ́nà ṣíwájú, ó ń wo ọ̀nà nítorí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Lẹ́yìn rẹ̀, Sàfúrátù já ewé méjì, ó fi méjì tó kọjú síra sílẹ̀, ó sì ki àwọn tó já bọ ìdí ìró.

Nílé, Màmá na ọwọ́. "Ìyá Mùnírù, gbé e wá. Ìwọ ni ojú mi."

Ṣùgbọ́n ìka Sàfúrátù ni ọwọ́ arúgbó náà kọ́kọ́ bà. "Kí ló lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ báyìí?"

Oje funfun ṣì ń sun lójú ibi tó ti já ewé. Abíọ́nà rí i. Ó wo ìyáálé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀.

Sàfúrátù tú ìdí ìró, ó sì kó ewé méjèèjì lé Màmá lọ́wọ́.

"Mẹ́rin ni, Màmá. Asofẹ́yẹjẹ ni."

"Ta ló já méjì?"

"Èmi ni."

Sàfúrátù fa ìkòkò mọ́ra.

"Ìyàwó," ó ní, "fọ egbò náà wá. Kí o wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń wọn omi sí i ní Ìkirè."

Ó tan sítóòfù, ó sì gbé ìkòkò náà kaná.