Àmì Kan Lórí Ọkọ̀ Tó Rì

Ṣadé, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó. Mo sùn lóòótọ́, àmọ́ ṣe ló dà bíi pé mo ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Ṣé o rántí pé ìwé tí a fẹ́ lẹ̀ sábẹ́ àwòrán àwọn ọkọ̀ ogun ni mo ń kọ látàárọ̀ àná? Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa yìí náà ni mo tún bá ara mi lójú àlá. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn obìnrin tò síwájú àwòrán ọkọ̀ tó rì, oníkálukú gbé abọ́ oúnjẹ dání.

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, kí lẹ ń dúró dè?"

Èyí tó dàgbà jù nàka sí ìwé mi. "Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ pé ọkọ wa ló wà níbí."

Mo wò ó. Mo ti gbàgbé àmì dò orí rẹ̀. Dípò "Ọkọ̀ tó rì", "Ọkọ tó rì" ni mo kọ. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, ni mo bá rí i pé abọ́ wà lọ́wọ́ èmi náà, oúnjẹ inú rẹ̀ ṣì ń gbóná.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. O ṣáà mọ̀ pé inú ọkọ̀ yẹn ni ọkọ tèmi náà wà, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ gbé wálé.

Mo ti yẹ ìwé náà wò láàárọ̀ yìí. Àmì ò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Gba bírò, jọ̀ọ́, bá mi fi sí i. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.