Ọ̀rọ̀ Tí Kò Gba Àmì Lórí

Ní yàrá ìlọṣọ ilé alágbàfọ̀ kan, wọn kì í bi ara wọn pé ṣé o jí dáadáa. "Ibo lo kà dé?" ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Màmá ló dá àṣà náà sílẹ̀. Òfófó aṣọ oníbàárà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú yàrá náà ká nígbà kan: aṣọ ta ni òórùn ọtí kì í kúrò lára rẹ̀, ta ni ìyàwó rẹ̀ kò bá a rán bọ́tìnnì mọ́, títí ọ̀rọ̀ fi rìn dé etí àwọn tó ni aṣọ. Màmá, tí wọ́n dàgbà jù níbẹ̀, sọ pé ẹnu tí kò bá lè dákẹ́, kó yáa máa sọ ìwé tó ń kà. Bí eré bí eré, àlàbọrùn di ẹ̀wù.

Bàbá Oníná, tí wọ́n ń bójú tó ìkòkò omi gbígbóná, máa ń ka bébà ìròyìn tí wọ́n fi di ọṣẹ wá. Ìròyìn ọdún gbọọrọ ni, ṣùgbọ́n wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé àárọ̀ òní ló ṣẹlẹ̀, wọ́n á máa bá ẹni tó ti kú jà. Ẹnu-ò-sinmi, tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ń ka ìtàn ìfẹ́ kan tí ojú ewé àárín rẹ̀ ti já. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń dí àlàfo náà, àárín ọ̀hún ló sì máa ń dùn jù. Ìyàwó ló máa ń kẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí ló fẹ́ ẹ. Ojú máa ń tì í. Bó bá kàn án, á sọ gbólóhùn méjì, á sì dojú kọ aṣọ rẹ̀ padà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwé nílé, lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, pẹ̀lú èédú: dò, re, mí, àmì kan lẹ́yìn òmíràn.

Ìwé kan ṣoṣo ni Màmá ń kà. Ó fẹ́lẹ́, èèpo rẹ̀ ti lọ, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì fi àmì kankan sí i, kò sí lábẹ́, kò sí lórí. Ìtàn obìnrin kan tó ń gbé etí omi ni, tí ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ kékeré sọdá lọ wá iṣẹ́. Màmá ń kà á bí ẹni ń lá eegun, ìlà díẹ̀ lónìí, ìlà díẹ̀ lọ́la. Gbogbo yàrá ló mọ ìdí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ọkọ Màmá náà sọdá omi lọ wá iṣẹ́. Ọdún kẹrin rèé, a ò gbóhùn, a ò rí òkú.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọkọ Màmá fi sílẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun okùn, ní yàrá ìlọṣọ níbẹ̀. Aṣọ tí ẹni tó ni ín ń bọ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ sórí okùn. Èyí tí wọ́n bá retí olówó rẹ̀ tì, wọ́n á ká a, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ òkè. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Màmá á sọ ṣẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀, wọ́n á gbọn eruku rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á tún fi kọ́ sórí okùn.

Ilé tí Màmá ń dá gbé ti ń sán. Òjò tó rọ̀ kọjá wó ògiri ilé ìdáná, ti yàrá sì ti lanu. Ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: bí bàbá rẹ̀ bá dé tó bá ìlẹ̀kùn ní títì, ọwọ́ ta ni yóò ti béèrè àwọn? Ọmọ náà wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun á gbé ọkọ̀ wá kó ẹrù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó bá òun la ọ̀rọ̀ yé wọn, torí tòun kò wọ̀ wọ́n létí mọ́. Ìyàwó ń rò ó lọ́kàn. Ẹnu wo ni èèyàn fi ń sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n ń retí ti kú?

Nígbà tó ku ọ̀la, Màmá wọlé síbi iṣẹ́, ojú wọn ń dán. Ẹnu-ò-sinmi bi wọ́n pé ibo ni wọ́n kà dé.

"Mo ti kà á tán."

Gbogbo wọn gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Màmá ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n fi ìka tọ ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. *Titi di oni, oko re ko pada.* Wọ́n ṣàlàyé pé ọkọ̀ náà ni kò padà. Ọkùnrin náà wà lódìkejì ní tirẹ̀, ara rẹ̀ le, ohun tí yóò wọ̀ sọdá ni kò rí. Wọ́n kọjú sí Ìyàwó pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Sọ fún ọkọ rẹ kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lọ́la. Mi ò lọ ibì kankan."

Ẹnu-ò-sinmi gba ìwé náà, ó sún un mọ́jú. Ó ní àmì dà lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ó ní ó lè jẹ́ ọkọ́ ni, ẹni tó yá ọkọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà ni kò dá a padà, torí aládùúgbò tòun náà ti yá ọkọ́ òun láti ìgbà èèrùn, títí di òní, òun kò tíì fojú kàn án. Bàbá Oníná rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní tàbí oko ni, kí koríko ti bo oko obìnrin náà, kó má lè padà sí bó ṣe wà.

"Tàbí kó tiẹ̀ jẹ́ ọkọ..." Ẹnu-ò-sinmi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì gé ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rín kú. Omi ń hó nínú ìkòkò. Màmá gba ìwé wọn padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú Ìyàwó.

"Ìwọ náà yá a kà lóṣù tó kọjá. Kí lo kà?"

Ìyàwó ti kà á lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ ojú omi rárá. Ó pa ìwé dé, ó sì sunkún tán kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ọkọ rẹ̀ kò tíì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kankan nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní báyìí, òótọ́ tó kà àti iṣẹ́ tí wọ́n rán an ti wọ aṣọ kan náà; ta ni yóò dá wọn mọ̀ yàtọ̀?

"Màmá, kò sí àmì níbẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti èéfín omi lọ.

"Mo mọ̀ pé kò sí. Bàbá rẹ kọ́ ẹ ní àmì. Fi sí i."

Wọ́n na pẹ́ńsù tí wọ́n fi ń kọ orúkọ oníbàárà sí i. Ó gbà á. Ó fi àmì kan sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú *oko*, ó fi ọ̀kan sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n ń wo ẹnu pẹ́ńsù náà bí ẹni ń wo abẹ́rẹ́ dókítà. Wọ́n ń retí ti òkè.

Pẹ́ńsù dúró lófuurufú. Ìlà kékeré kan péré ni, kó fà á láti òsì wálẹ̀ sí ọ̀tún, bàbá rẹ̀ ti fi èédú kọ́ ọ tipẹ́. Bó bá fi sí i, arúgbó yìí á padà lọ sùn sábẹ́ ògiri tó ti lanu, á sì sùn pẹ̀lú ayọ̀. Ó gbé pẹ́ńsù kalẹ̀ sórí tábìlì.

"O ò fi nǹkan kan sórí rẹ̀," ni Màmá wí.

"Kò gba nǹkan lórí, Màmá."

Màmá wo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n wo Ìyàwó. "Ṣé ọmọ mi ló rán ẹ?"

"Ó rán mi, Màmá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á nìyẹn kó tó rán mi."

Wọ́n mi orí. Wọ́n lọ sí ìpẹ̀kun okùn, wọ́n sọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà kalẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́: ọrùn, ọwọ́, ẹ̀yìn. Wọ́n de bọ́tìnnì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ọrùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ká a. Pẹpẹ òkè ga ju Màmá lọ. Bàbá Oníná fi ìkòkò wọn sílẹ̀, wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ Màmá, wọ́n bá wọn gbé e sókè.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ Ìyàwó gbé ọkọ̀ dé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ti wà ní dídì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ níwájú awakọ̀. Ìyàwó ń bá ẹrù jà, kò gbójú sókè. Yàrá tí wọ́n fún Màmá mọ́, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún wọn, wọ́n á ní ó dára. Wọn kò béèrè ìwé wọn.

Ọ̀dọ̀ Ìyàwó ló wà. Nígbà tó ku òun nìkan nínú ilé, ó mú rọ́bà, ó ní òun á pa àmì méjèèjì rẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè padà di ohun tó wu ẹni tó bá kà á. Ti àkọ́kọ́ lọ. Bébà náà ti gbó. Èkejì mú ibi tó wà dání lọ, ó di ihò.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn méjèèjì jọ wọ yàrá ìlọṣọ. Ẹnu-ò-sinmi ti lanu láti kí Màmá bó ṣe máa ń kí wọn. Ó wo pẹpẹ òkè, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ló wí. "Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́," ni Màmá dáhùn, wọ́n sì fa aṣọ àkọ́kọ́ sọ́dọ̀ ara wọn.