Bọ́ńbọ́n Àbẹ̀bí Kọ́ Ló Fa Ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń pàṣẹ ní Lomé, kò sí ọmọdé ní àdúgbò Bè tí kò mọ bọ́ńbọ́n àgbọn tí Àbẹ̀bí ń tà. Oyèlékè ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ní èbúté, fẹ́ràn bọ́ńbọ́n náà ju àwọn ọmọdé pàápàá lọ. Nítorí náà, nígbà tí Oyèlékè bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó wádìí. Ta ni kò mọ̀ pé ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí?

Ìyá Gàníyù, ẹ̀gbọ́n Oyèlékè, ló kọ́kọ́ la ẹnu, ẹnu ọ̀hún kò sì mọ níwọ̀n. Ó rò ó fún aládùúgbò, ó rò ó fún ẹlẹ́ja pé, "Ìyàwó wa ti fi adùn pa àbúrò mi." Ó kó gbogbo ṣúgà ilé lọ, ó sì ń rọ Oyèlékè lágbo. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó wá kéde pé tí oṣù bá ti lé, Àbẹ̀bí yóò padà sílé bàbá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Inú Àbẹ̀bí bàjẹ́ gan-an. Èyí tó dùn ún jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé òun ló jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ tí Oyèlékè dákú, Àbẹ̀bí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà Faransé là á níkùn, ó gé ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ìfun rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí Dakar kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi retí èsì.

Rosalie, nọ́ọ̀sì ọmọ Àjàṣẹ́, ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

"Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni, amilóídì lorúkọ rẹ̀. Èròjà amúaradàgbà inú ara wọn ló ń bàjẹ́, tó ń dì mọ́ ìfun àti iṣan ẹ̀jẹ̀ títí ìwọ̀nyẹn fi ń ya, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde. Àrùn náà lè tún padà wá o, kí wọ́n máa wá fún àyẹ̀wò."

"Kí ni Yovó, òyìnbó yẹn, wí nípa ṣúgà?" Ìyá Gàníyù béèrè.

"Wọ́n ní ṣúgà ò mọwọ́ mẹsẹ̀, Màmá."

Àbẹ̀bí bú sẹ́kún, ló bá tún ń rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Gàníyù dá ṣúgà ilé padà, Àbẹ̀bí sì fi se bọ́ńbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Gàníyù wọlé, ó wá òṣùká.

"Gbé igbá bọ́ńbọ́n yẹn rù mí."

"Háà, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi kiri nígbà tí mò ń bà ọ́ jẹ́. Gbé e rù mí."

Oyèlékè rẹ́rìn-ín títí ó fi dikùn mú. Àbẹ̀bí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ohùn ìyá náà láti ojúlé dé ojúlé, títí dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja:

"Bọ́ńbọ́n àgbọn rè é o! Kò pa ẹnikẹ́ni! Èmi ni mo purọ́ mọ́ ìyàwó wa!"