Píràgì Ọjọ́ Orúkọ Mirdza

Ẹnu Gunvaldis ló kó o sí wàhálà. Níbi ìsàmì ọmọ aládùúgbò wọn kan ni ó ti mú píràgì tí Hermine àbúrò rẹ̀ ṣe, ó jẹ ẹ́, ó lá ìka, ó sì wí lójú gbogbo èrò pé, "Hermine, tìrẹ yìí dára ju tilé wa lọ." Hermine rẹ́rìn-ín músẹ́. Mirdza, ìyàwó Gunvaldis, jókòó ní òdìkejì tábìlì gan-an.

Létí odò Venta níbẹ̀, ọkùnrin lè sọ pé ìyàwó òun ò rẹwà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ti píràgì yàtọ̀. Búrẹ́dì kékeré tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n fi èéfín yan àti àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, òun ni obìnrin fi ń gbórí sókè láàárín ẹgbẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Mirdza ti kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá Ilze, ọmọ wọn tó ti wà nílé ọkọ. Kò bá Gunvaldis sọ̀rọ̀ mọ́ àfi kó rán Muris, ológbò wọn.

"Muris, sọ fún ọ̀gá rẹ pé ọbẹ̀ ti jinná."

"Muris, bi ìyá ẹ pé ṣé iyọ̀ ti tán nílé yìí ni."

"Muris, sọ fún un pé kó lọ bu iyọ̀ nílé àbúrò ẹ̀. Tibẹ̀ ló dáa jù."

Muris ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀ ní tirẹ̀. Kò jíṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ọjọ́ orúkọ Mirdza ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀ nìyí. A kì í pe àlejò sí ọjọ́ orúkọ, ìyẹn ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà ibẹ̀ yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́ á dé fúnra rẹ̀, òdòdó lọ́wọ́, ebi nínú. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, Mirdza kéde bó ṣe ń gé àlùbọ́sà.

"Muris, lọ́la, gbogbo ayé á jẹ píràgì nílé yìí. Ọ̀gá ẹ ò ní fẹnu kan ẹyọ kan, àfi tó bá bẹ̀ mí. Ẹnu ara ẹ̀ ni kó fi bẹ̀ mí o, kì í ṣe tìẹ."

Gunvaldis ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé. Nígbà tó fi katakata wó ọgbà pásítọ̀, afẹ́fẹ́ ló dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òórùn ẹran àti àlùbọ́sà ń tẹ̀ lé e kiri ilé, ó sì dùn ún wọ egungun. Ní ọ̀sán, ó bọ́ sínú ilé ìwẹ̀ gbígbóná ẹ̀yìnkùlé, ó làágùn, ó fi ìdì ewé na ara rẹ̀ lẹ́yìn bí àṣà ibẹ̀, àfi bí ẹni ń na olè. Nígbà tó máa jáde, ara rẹ̀ ti rọ̀, ọkàn rẹ̀ náà sì ti rọ̀ díẹ̀. Ó ró táwẹ́ẹ̀lì mọ́ ìdí, ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì sáré gba yàrá Ilze lọ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.

Nílé wọn, bí Mirdza bá ti fi ìwúkàrà po ìyẹ̀fun, á gbé e sórí ibùsùn, á fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó bí ọmọ tí ibà ń ṣe, kó lè wú. Lọ́dọọdún, ibùsùn àwọn méjèèjì ni. Gunvaldis ò rò ó pé lọ́dún yìí, ìyẹ̀fun náà ti bá Mirdza kó yàrá.

Ó rí ohun tó yọ gọngọ lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Ó rọra jókòó tì í.

"Mirdza. Mo mọ̀ pé o ò sùn."

Ohun náà mí fúù. Ọkàn Gunvaldis balẹ̀ díẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa níbi ìsàmì yẹn. Píràgì Hermine le bí gìgísẹ̀ bàtà. Láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú, mi ò rí eyín ẹ̀. Mo ń wá nǹkan tí mo lè sọ táá fi rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mi ò rántí pé o wà níwájú mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó na ọwọ́ sábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi gbá a níbi tó pè ní èjìká. Ọwọ́ náà wọlé dé ọrùn ọwọ́.

"O tiẹ̀ ti sanra sí i," ó ní, tìfẹ́tìfẹ́.

"Máa bá a lọ," ohùn kan sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Kò tíì wú tán."

Mirdza dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ ẹran lọ́wọ́ rẹ̀, Muris lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gunvaldis wò ó, ó wo ibùsùn, ó wo ọwọ́ tí ìyẹ̀fun ń fà láti ara rẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bẹ̀."

"Mo gbọ́." Mirdza gbé abọ́ ẹran náà kalẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ ti Hermine fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"O ò bá mi sọ̀rọ̀. Muris lò ń bá sọ̀rọ̀."

"Lọ fọ ọwọ́ ẹ, kó o wọ ṣòkòtò, kó o wá bá mi di ẹnu píràgì. Dì í dáadáa o, kí ọ̀rá má máa jò jáde bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jò lẹ́nu ẹ."

Lọ́jọ́ kejì, ilé kún. Hermine jẹ píràgì kan, ó di ojú, ó mú òmíràn.

"Ìyàwó wa, kí lo ṣe sí ìyẹ̀fun yìí tó fi rọ̀ báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ló bẹ̀ ẹ́," Mirdza dáhùn. Ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, tìẹ níbi ìsàmì yẹn ṣì dáa ju tilé wa lọ."

Hermine rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn. Gunvaldis, tí ẹnu rẹ̀ kún, tẹ orí bọ abẹ́ tábìlì.

"Muris," ó ní, "sọ fún ìyá ẹ pé mo gbọ́ irọ́ tó pa, mo sì dúpẹ́."