Ẹni Tó Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ Èsì Ìbò

Alágbàfọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gúnrégé. Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́, òun alára sì fẹ́ràn ìnagijẹ yìí ju orúkọ náà lọ. Ogójì ọdún ló ti fi ń fọ aṣọ, tó ń lọ aṣọ, kò sì sí oníbàárà tó máa gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé, “Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, áyọ́ọ̀nù mi ò jó aṣọ kankan rí.” Wọ́n ti gbọ́ ọ débi pé wọ́n máa ń bá a parí rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í lè wo ohun tó bá rún kó mójú kúrò. Àlejò á wá kí i, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà ní kọ́là àlejò, á máa tẹ́ ẹ.

Nígbà tí ìdìbò sípò olórí orílẹ̀-èdè dé, àjọ elétò ìdìbò ń wá ibi tí iná kì í ti í ṣe ségesège tí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ sí. Ṣọ́ọ̀bù Gúnrégé ni wọ́n rí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sáàárín tábìlì tó fi ń lọ aṣọ àti okùn tí aṣọ kọ́ sí. Ẹni tí wọ́n sì wá fi ṣe olùdarí ibùdó ìdìbò náà ni Àbíkẹ́yìn, ọmọ Gúnrégé obìnrin, nítorí àjọ náà gbà pé kò sẹ́ni tó mọ inú ṣọ́ọ̀bù tó ọmọ onílé.

Ọdún méje ni Àbíkẹ́yìn ti fi ṣe òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀ lábẹ́ àjọ yìí. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ìdìbò yìí bá lọ láìlábùkù, àwọn á fún un níwèé ìgbanisíṣẹ́ gidi. Bí àbùkù bá wà níbẹ̀, kó máa lọ sílé rẹ̀. Gúnrégé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbàdúrà lé e, ó ń gbà á nídìí ọṣẹ, ó ń gbà á nídìí okùn.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ò lọ́jú pọ̀. Olùdìbò á gba ìwé ìdìbò, á fi bírò kun àyè róbótó tó wà níwájú orúkọ ẹni tó wù ú, á ti ìwé náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á gbé e mì, á wo ibi tó dúdú, á fi ẹyọ kan kún iye ìbò onítọ̀hún, ìwé á sì bọ́ sínú àpótí tí wọ́n tì pa nísàlẹ̀. Igba ó lé méjìdínlógún èèyàn ló forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo wọn ló yọjú, torí pé ìjọba lè má tó pè wọ́n, ṣùgbọ́n aṣọ wọn wà níbẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán, ìbò parí. Àbíkẹ́yìn tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ pọ èsì jáde: bébà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, tó gbé orúkọ olùdíje márààrún àti iye ìbò wọn. Ó ká bí ìrù ajá. Ó wá ku kí wọ́n fi bébà náà sẹ́nu ẹ̀rọ kejì, èyí tó máa yà á ní fọ́tò, tó máa fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ àgbà ní olú-ìlú. Ẹ̀rọ kejì kọ̀ ọ́. Ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ gàdàgbà pé: ÌWÉ TI KÁ. Ẹ TẸ́ Ẹ, KÍ Ẹ TÚN UN FI SÍ I.

Àbíkẹ́yìn fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. ÌWÉ TI KÁ. Ó gbé ìwé òfin ìdìbò, tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. ÌWÉ TI KÁ. Òfin sọ pé bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, kí òṣìṣẹ́ pe ọ́físì. Ó mú fóònù, ó jáde lọ sẹ́bàá gọ́tà níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà. Àwọn aṣojú olùdíje ti wà níta, wọ́n ń jà sí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo.

Bó ṣe ku Gúnrégé àti ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ̀rọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ́ ìwé. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: ta lẹ tún fẹ́ kí ẹ̀rọ bẹ̀? Ó wo bébà, bébà ká. Ó ro ti iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́,” ló wí. Ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e.

Irú bébà yẹn ò ní yíǹkì. Ooru ni ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé sí i. Ibi tí ooru bá ti kàn án, ibẹ̀ á dúdú. Ta ló fẹ́ sọ fún alágbàfọ̀? Áyọ́ọ̀nù kọjá lẹ́ẹ̀kan, orúkọ olùdíje méjì di àwátì. Ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó tún un kọjá kó lè mọ́. Nígbà tó fi máa gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, bébà náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí lẹ́tà kan tó yè. Ṣùgbọ́n ó tẹ́. Gúnrégé fi í sẹ́nu ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bóyá ẹ̀rọ á rí ohun tí ojú òun ò rí. Ẹ̀rọ gbà á wọlé wọ́ọ́rọ́. ÌWÉ TẸ́. A DÚPẸ́.

Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ àgbà ní olú-ìlú ni pé ibi tó bá dúdú, ìbò ni. Ó wo bébà yìí, ó rí i pé ìbò kún un fọ́fọ́. Àyè nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó bá fún oníkálukú ní èyí tó pọ̀ jù tí àyè náà lè gbà: ẹgbẹ̀rún ó dín kan. Kó tó di aago mẹ́rin, rédíò ti kéde pé àwọn olùdíje márààrún ló borí ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Márààrún bọ́ síta, wọ́n ń jó. Ọ̀kan nínú wọn ti yọwọ́ nínú ìdíje láti oṣù mẹ́ta nítorí ẹ̀yìn ríro. Ó ní òun ti yọwọ́ nínú ìyọwọ́, ẹ̀yìn náà ò sì ro ó mọ́. Ẹ̀rọ àgbà ní òun ò lè kéde ẹnì kankan. Odidi orílẹ̀-èdè dúró, ó ń wo ẹnu alágbàfọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Àyẹ̀wò ti ọ́físì àgbà dé. Ọ̀rọ̀ ìbò fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ le. Wọ́n ṣí àpótí, ìwé ìdìbò pé níbẹ̀, wọ́n tún wọn tì sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èsì jáde, èsì sì tún ká. Ọ̀gá náà fi í sórí àga, ó jókòó lé e fún wákàtí kan títí tó fi tẹ́. Ẹni tó wọlé wọlé, ẹni tó jábọ́ padà sídìí ẹ̀yìn ríro rẹ̀.

Ó wá ku Fọ́ọ̀mù Àbùkù. Àpótí kan péré ló wà nínú rẹ̀, orúkọ ẹnì kan péré ló gbà. Bí òṣìṣẹ́ ló jó bébà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ará ìlú ló jó o nígbà tí òṣìṣẹ́ ń pe ọ́físì, wọ́n á kìlọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

“Ta ló jó o?” Ọ̀gá Àyẹ̀wò béèrè.

“Èmi ni,” ni Gúnrégé wí.

“Èmi ni,” ni Àbíkẹ́yìn wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Gúnrégé fà á sẹ́yìn aṣọ tó kọ́. “Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ọdún méje!”

“Bàbá mi, ẹ rọra. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ jó nǹkan, ta ló máa gbé aṣọ wá bá yín mọ́? Èmi lè wáṣẹ́ míì. Ẹ̀yin, orúkọ yín nìkan lẹ ní.”

“Mo ní kó o panu mọ́!”

Ọ̀gá Àyẹ̀wò ti ṣí ìwé òfin. “Ẹnì kan sọ pé Bàbá ni, ẹnì kan sọ pé Ọmọ ni. Ọ̀mì nìyẹn. Òfin ní bí ẹnu bá ṣe ọ̀mì, kí á gbé e fún ẹ̀rọ.” Ó yọ ìwé ìdìbò tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò, èyí tó ní róbótó méjì. Ó kọ BÀBÁ síwájú ọ̀kan, ó kọ ỌMỌ síwájú èkejì. Ó ní kí gbogbo àwọn tórúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò padà wá láago méjìlá, kí wọ́n wá dìbò sọ ẹni tó jó o.

Báyìí ni Gúnrégé ṣe bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ìbò. Wákàtí méjì ló ní láti fi ba ohun tó fi ogójì ọdún kọ́ jẹ́. Ó sáré lọ bá Tíṣà, oníbàárà rẹ̀ kan.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo jó o. Ẹ kun ti Bàbá.”

Tíṣà wò ó láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀yin? Áyọ́ọ̀nù yín tí kò jó aṣọ kankan rí?”

Ó lọ bá Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, ẹ lọ sinmi, oòrùn ti mú.” Ó búra níwájú onímọ́tò, ó kúnlẹ̀ fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì, gbogbo wọn ń mi orí bí ẹni tí wọ́n pòwe fún. Ó délé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀. “Wọn ò gbà mí gbọ́. Orúkọ rere mi ló fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi.”

“Ẹ máa bọ̀, ká lọ dìbò,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì wo ibòmíì.

Wọ́n tò, wọ́n dìbò. Gúnrégé kun róbótó BÀBÁ débi pé bírò fẹ́ẹ̀ lu bébà já. Àbíkẹ́yìn náà dìbò, òun ló ṣe ìkẹyìn. Ọ̀gá Àyẹ̀wò tẹ bọ́tìnnì, ó fọwọ́ na bébà, ó kà á sókè: “Bàbá, igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Ọmọ, ẹyọ kan.”

Gúnrégé fò sókè. “Mo jẹ̀bi! Ẹ ṣeun o! Iṣẹ́ ọmọ mi ò bọ́!” Ó ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló dúró gbagidi. “Ẹ gbọ́ ná. Igba ó lé mẹ́tàdínlógún? Báwo lẹ ṣe gbà á kíá báyìí pé mo lè jó nǹkan?”

Tíṣà wúkọ́. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ká ẹ̀wù gígùn rẹ̀ sókè, ojú áyọ́ọ̀nù hàn gàgàrà nídìí ṣòkòtò rẹ̀. “Ọdún kẹsàn-án rèé, Bàbá. Ìdí tí mo fi ń wẹ̀wù gígùn nìyẹn.”

Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí òdòdó tó fi abẹ́rẹ́ ṣe sápá aṣọ funfun rẹ̀. “Ẹ máa ń yin òdòdó yìí. Ihò wà lábẹ́ ẹ̀.”

“Mo ti rò pé tèmi nìkan ni!” ni onímọ́tò kígbe.

“Èmi náà rò pé tèmi nìkan ni!” Ọ̀rọ̀ di ariwo, oníkálukú ń fi ibi tó jó hàn, wọ́n ń fẹ̀yìn lé ara wọn rẹ́rìn-ín.

“Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ?” ni Gúnrégé béèrè.

“Ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn jù,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Òun náà ti dìbò fún BÀBÁ.

Gúnrégé jókòó sórí àga tí èsì ìbò ti tẹ́. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀gá Àyẹ̀wò kìlọ̀ fún un bí òfin ṣe wí, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo náà, ó sì ní kí Àbíkẹ́yìn wá gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àwọn èèyàn túká.

Àbíkẹ́yìn ń ká wáyà ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ wò ó títí.

“Ìwọ lo ni ẹyọ kan yẹn.”

“Àṣírí ni ìbò, Bàbá.”

“Ṣé ìwọ ò mọ̀ pé mo máa ń jó aṣọ ni?”

“Mo mọ̀. Ẹ ti jó mẹ́ta nínú tèmi.”

“Kí ló wá dé, nígbà tí ìbò yẹn lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ?”

Ọmọ náà ò gbójú sókè. “Mi ò fẹ́ kí iye ẹni tó ní ẹ̀yin kọ́ jẹ́ òdo.”

Gúnrégé dìde, ó di orí kejì wáyà náà mú, wọ́n sì jọ ká a.