Ọjọ́ Tí Wọ́n Yọ Igi Lábẹ́ Òrùlé Ilé Ìwẹ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí àwọn obìnrin àdúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ àtijọ́ tó wà létí odò ní ìlú Amasya, aṣọ ìnura léjìká, ọṣẹ nínú abọ́ bàbà.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ igi ná!" Nuriye ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára òrùlé.

"Ṣé ìgbà tí mo bá kú tán ni o fẹ́ kí n tó wẹ̀?" Ìyá Hacer, àgbà wọn, ló dá a lóhùn. Ẹ̀rín sọ.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ló wó ìdajì òrùlé ilé ìwẹ̀ náà. Àwọn kan ní kí wọ́n da kọnkéré lé e, ṣùgbọ́n Nuriye, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ilé àtijọ́ ṣe, kọ̀ jálẹ̀: kọnkéré á wúwo jù fún ògiri yẹn. Òun àti baba ọkọ rẹ̀, Behzat bíríkìlà, lọ bíríkì kúnná, wọ́n pò ó mọ́ ẹfun sísun, wọ́n sì fi to bíríkì tuntun yípoyípo títí òrùlé fi rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi fi gbé e ró kó lè gbẹ. Òní ni igi máa kúrò.

"Ìyàwó wa, bọ́ síta," Behzat ní nígbà tí àwọn méjèèjì dé abẹ́ òrùlé.

"Bàbá, èmi ni mo ya àwòrán òrùlé yìí. Bó bá máa já, orí mi ni kó já lé."

"Àwòrán rẹ ló gun àkàbà to bíríkì ni?"

"Ó yá, ká jọ dúró."

"Olórí kunkun! Mo kìlọ̀ fún ọmọ mi kó tó fẹ́ ọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hámà gbá igi tí wọ́n fi há ìdí àwọn òpó tó gbé òrùlé ró, díẹ̀díẹ̀. Lójijì, gbàà! Eruku sọ. Àwọn obìnrin figbe ta, wọ́n sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nuriye ò mira. Ojú rẹ̀ wà lára gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ibi tí bíríkì tuntun ti pàdé ti àtijọ́. Bí òrùlé bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gíláàsì náà á fọ́.

Kò fọ́.

"Pákó ni!" Nuriye kígbe. "Pákó lásán ló já!"

Bí wọ́n ṣe kó igi tó kù kúrò, oòrùn gba àwọn ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ lára òrùlé fún ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó sì já sílẹ̀ rekete lórí òkúta funfun. Behzat gbá Nuriye mú, ó ń fi í yí bí òkòtó, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ìyá Hacer ti wọlé. Ó jókòó sórí òkúta náà láàárín ilé.

"Ibí ni wọ́n ti wẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń relé ọkọ. Ẹ gbómi wá!"

"Ìyá, a ò tíì dáná!"

"Tútù náà ni kẹ́ ẹ gbé wá! Behzat, kí lo ṣì ń wò? Ọkùnrin kì í dúró níbi tí obìnrin ti ń wẹ̀!"

Wọ́n fi ariwo lé e jáde. Nuriye bọ́ bàtà rẹ̀ tó kún fún ẹfun, ó jókòó ti ìyá àgbà. Nígbà tí abọ́ omi àkọ́kọ́ dà lé e lórí, ó pariwo, òrùlé gba ohùn rẹ̀, ó sì fi yí gbogbo wọn ká.