Ọwọ́ Aṣọ Tó Bo Orúkọ Mi

Nínú ẹgbẹ́ ayàwòrán wa ní Napoli, ohun tí o bá ń yà ló ń sọ ibi tí o máa wà. Àwọn tó ń ya èèyàn ló ni àga. Àwọn tó ń ya òkè àti òkun wà lórí bẹ́ǹṣì. Àwa tí à ń ya èso àti ẹja, ẹnu ọ̀nà là ń dúró sí bí ẹni tó wá fọnná. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń sáré lọ ya èèyàn, títí kan ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ tó bá yà, ẹsẹ̀ adìyẹ ló ń jọ. Ọdún mọ́kànlá ni èmi Orsola fi dúró níbẹ̀.

Tiberio, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló ní òun máa gbé mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ilé kan náà la dàgbà sí, àwo kan náà la sì fi jẹun. Ìgbà ìkórè àjàrà ló wá bá mi.

"Àbúrò, ya tábìlì èso kan, kí o fi àárín sílẹ̀. Èmi á ya obìnrin síbẹ̀, orúkọ àwa méjèèjì á sì wà lára ẹ̀. Tí ẹgbẹ́ bá ti rí orúkọ ẹ lára àwòrán èèyàn, dandan ni kí wọ́n fún ẹ ní àga."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní gbàgbé mi sẹ́nu ọ̀nà?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe níbẹ̀? Àbí o ti di ajá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ya àjàrà, ẹja méjì àti ọ̀pọ̀tọ́ tó ti là. Mo fi ẹfun sàmì sí ààyè obìnrin náà, mo sì kọ orúkọ mi sára ewé ọ̀pọ̀tọ́ kan, bí àwa tó ń ya èso ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí Tiberio kò rí obìnrin tó máa wò yà, èmi náà ni mo lọ jókòó fún un, odidi ọjọ́ mẹ́fà lórí àpótí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán. Ewé yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ wá, n kò rí i. Ọwọ́ aṣọ pupa obìnrin náà ti kọjá ààlà ẹfun mi, ó ti bò ó mọ́lẹ̀. Orúkọ Tiberio nìkan ló wà nísàlẹ̀, gàdàgbà. Apá tèmi ló fi bo orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti dà mí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Bàbá Anselmo, olórí ẹgbẹ́, wò mí, ó tún wo àwòrán. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lobìnrin yìí?"

Tiberio dáhùn kí n tó la ẹnu. "Òun ni, Bàbá. Ó jókòó fún mi dáadáa."

"Ta ló wá ya èso?"

"Èso kẹ̀? Èso lásán ni, Bàbá."

Ọ̀dà èso mi ti gbẹ tipẹ́, ṣùgbọ́n ti Tiberio ṣì tutù. Mo gba àárín àwọn àga kọjá, mo fi etí aṣọ mi nu ọwọ́ aṣọ pupa náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ewé yọ, orúkọ mi sì yọ.

Bàbá Anselmo sún mọ́ ọn, ó kà á sókè.

"A ti rí i, ọmọ mi. Ewé tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ewé náà ni, kì í ṣe èèyàn."

Wọ́n gbé àga wá fún Tiberio. Mo ń wò ó bóyá ojú á tì í, àmọ́ apá tó bàjẹ́ yẹn ni òun ń wò.

"Àbúrò," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí à ń pín búrẹ́dì nílé ìyá rẹ̀, "jọ̀ọ́, wá jókòó fún mi lọ́la, kí n lè tún apá yìí yà."

Mo bi í pé, "Lórí àga wo?"